Jíjọra: Lámèyítọ́ Iṣẹ́ Abẹ Ìṣaralóge ní Accra

Ìlérí kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ ìṣaralóge ní Accra, bí ó ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìlérí náà ni pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn yóò dà bí ti àbínibí. Imú tí wọ́n bá tún ṣe kò ní fi hàn pé ọ̀bẹ kàn án. Ọmú tí wọ́n bá gbé sókè yóò dà bí èyí tí kò sọ̀ rí. Ikùn tí wọ́n bá fa ọ̀rá inú rẹ̀ yóò dà bí ikùn ẹni tí kò bímọ rí. Ìlérí tí ó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ ní yíyẹ̀ wò fínnífínní, nítorí pé owó, ìlera àti ẹ̀mí ènìyàn ni ó ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdájọ́ lórí ohun tí ó dà bí àbínibí kì í ṣe ti ìmọ̀ ìṣègùn nìkan. Ìdájọ́ alámèyítọ́ ni pẹ̀lú, àwọn Yorùbá sì ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí ọ̀bẹ òyìnbó tó dé.

Ibi tí ó yẹ kí lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ohun tí ó bá jẹ́ nǹkan kì í dà bí nǹkan náà. Kò sí ọmọ tí í sọ pé ìyá òun dà bí ìyá òun, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mu omi kì í sọ pé ohun tí òun mu dà bí omi, àfi bí iyèméjì bá wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣèlérí pé iṣẹ́ òun yóò dà bí àbínibí ti jẹ́wọ́ nínú ìlérí náà gan-an pé kì í ṣe àbínibí. Èdè Yorùbá tún ya àwọn ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀ dáadáa. Àbínibí ni ohun tí a bí mọ́ ènìyàn. Àdámọ́ ni ohun tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ọn. Àtọwọ́dá ni ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àtúnṣe ni ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ kí ọwọ́ tó kàn án. Iṣẹ́ dókítà oníṣẹ́-abẹ kì í ṣe èyíkéyìí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Àtúnṣe ni. Ẹni tí ó sì ń tún nǹkan ṣe kò lè ṣe bí ẹni pé òun kò bá nǹkan nílẹ̀. Awọ, egungun, ọjọ́ orí àti ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn gbé wá ni pákó tí oníṣọ̀nà yìí ní láti gbẹ́, kò sì sí pákó mìíràn tí ó lè fi pààrọ̀ rẹ̀.

Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ Accra. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí ni wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà kan rí. Òfin tí ìjọba Busia gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, èyí tí ó lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà, tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Yorùbá ká níbẹ̀, ṣùgbọ́n okùn tí ó so ìlú náà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Yorùbá kò já. Ó yẹ nígbà náà kí a wo ohun tí ìlú yìí ti mọ̀ nípa títún ara ṣe, kí a tó wo ohun tí ọjà òde òní ń pè é.

Ilé-ìwòsàn Korle Bu ni orírun ọ̀rọ̀ yìí ní Accra. Ọdún 1923 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí Guggisberg jẹ́ gómìnà. Ní ọdún 1997, ibùdó fún iṣẹ́ abẹ ìtúnraṣe àti ìtọ́jú àwọn tí iná jó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ọgbà rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe gudugudu méje lórí rẹ̀ ni Jack Mustardé, dókítà oníṣẹ́-abẹ láti ìlú Glasgow ní Skọ́tíláǹdì. Àwọn tí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ wà fún ni ọmọ tí a bí pẹ̀lú ètè tí ó là, ẹni tí iná sun, ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún kì í ṣe kí wọ́n yọ láàárín ẹgbẹ́. Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n lè jẹun, kí wọ́n lè dijú, kí wọ́n lè rìn lọ́jà kí ẹnikẹ́ni má yíjú wò wọ́n. Kí ojú kan má fa ojú ará ìta mọ́ra ni èrè iṣẹ́ náà. Ní ti èyí, iṣẹ́ abẹ ìtúnraṣe ni ìyá, iṣẹ́ abẹ ìṣaralóge ni ọmọ. Ohun tí ìyá mọ̀ tí ọmọ máa ń gbàgbé ni pé iṣẹ́ tí ó dára jù lọ ni èyí tí kò pe àkíyèsí sí ara rẹ̀.

Mustardé fúnra rẹ̀ fi àpẹẹrẹ kan sílẹ̀ tí ó yẹ kí alámèyítọ́ dúró wò. Kí ó tó gbé ọgbọ́n tirẹ̀ jáde ní ọdún 1963, bí wọ́n bá fẹ́ tún etí tí ó yọ síta ṣe, wọ́n sábà máa ń gé egungun rírọ̀ inú etí náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Etí á sún mọ́ orí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gé á dúró gẹ́gẹ́ bí etí pákó, tí ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ̀ pé ọ̀bẹ ti débẹ̀. Mustardé lo okùn ìránṣọ tí ó gba ẹ̀yìn etí kọjá láti fa egungun náà tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ní ìtẹ̀kọ́rọ́ tí etí àwọn ẹlòmíràn ní láti inú ìyá wọn. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́-abẹ ṣì fi ń pe ọ̀nà ìránṣọ yìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì kì í ṣe pé ìkan sún etí mọ́ orí tí ìkejì kò sún un. Ìyàtọ̀ náà ni pé ọ̀nà àkọ́kọ́ bá ohun tí ó wà nílẹ̀ jà, èkejì sì tẹ̀lé ọ̀nà tí ara fúnra rẹ̀ máa ń gbà tẹ̀.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ìwà iṣẹ́ yìí. Robert Farris Thompson, onímọ̀ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn Yorùbá, ó sì bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n fi ń mọ ère tí ó dára. Àròkọ rẹ̀ lórí lámèyítọ́ iṣẹ́ ọnà Yorùbá jáde ní ọdún 1973. Lára àwọn òṣùwọ̀n tí ó kó jọ ni ìfarahàn, dídán, gígún, àti ọ̀dọ́, ìyẹn ni pé kí ère fi ènìyàn hàn ní ìgbà tí ara rẹ̀ le koko. Èyí tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni jíjọra. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, ère tí ó jọ ènìyàn jù kò dára, ère tí kò jọ ènìyàn rárá kò sì dára. Àárín méjèèjì ni ojú alámèyítọ́ ń wá.

Ìlú Ọ̀wọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tún yé ni sí i. Àkó ni ère tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ fún ẹni pàtàkì tí ó ti kú, èyí tí ó tóbi tó ènìyàn, tí wọ́n wọ̀ láṣọ, tí ó sì gbọ́dọ̀ jọ olóògbé náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú yóò fi dá a mọ̀. Rowland Abíọ́dún ti kọ̀wé lórí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a fà yọ níbẹ̀ ni pé òkú ni wọ́n ṣe irú jíjọra tí ó dé góńgó bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tí ó ti kú kò ní yí padà mọ́, nítorí náà a lè mú àwòrán rẹ̀ dúró lójú kan. Ẹni tí ó wà láàyè ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń sanra, ó ń rù, ó ń dàgbà. Iṣẹ́ abẹ tí ó bá fẹ́ mú ojú alààyè dúró lójú kan, kí ó má sún, kí ó má hunjọ, ti sọ ojú náà di àkó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ojú tí wọ́n fà jù fi máa ń dẹ́rù ba ẹni tí ó ń wò ó, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó burú níbẹ̀. Àléébù náà kì í ṣe ti ìrísí nìkan. Ojú náà kò bá ẹni tí ó ni ín rẹ́rìn-ín mọ́ ni.

Àwọn Akan Gánà ní ẹ̀kọ́ tiwọn láti fi kún un. Ère akua'ba, ọmọ igi tí obìnrin tí ń wá ọmọ máa ń pọ̀n sẹ́yìn, wà lára ohun tí ayé fi mọ iṣẹ́ ọnà Gánà jù lọ. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, iwájú orí gbòòrò, ọrùn sì ní ìlà yíká-yíká. Gbogbo èyí ni àmì ẹwà lójú àwọn tí ó ni ín, bí ọrùn tí ó ní ìlà ti jẹ́ ẹwà lójú Yorùbá pẹ̀lú. Ìtàn sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akua ni ó kọ́kọ́ gbé irú ère bẹ́ẹ̀ pọ̀n, tí ó sì bí ọmọbìnrin. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá kankan tí ó retí pé kí ọmọ tí òun yóò bí ní orí pẹrẹsẹ bí ti igi náà. Nígbà tí ọmọ bá dé, ìyá á máa fi ọwọ́ rọra tẹ orí rẹ̀ nígbà tí egungun ṣì rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá Yorùbá ti í nà án, tí í gbé e jù, tí í fi ọwọ́ tọ́ orí rẹ̀ nígbà ìwẹ̀. Ère ni wọ́n fi sọ ohun tí ọkàn fẹ́ láìfi ibì kankan pamọ́. Ara ọmọ ni wọ́n fi mọ ibi tí ìfẹ́ ọkàn náà gbọ́dọ̀ dúró sí. Àwọn tí ó pọ̀n akua'ba mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwòrán àti ara.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń parẹ́ lóde òní. Àwòrán tí ọ̀pọ̀ ń gbé lọ bá dókítà ni àwòrán tí fóònù ti tún ṣe: awọ tí kò ní ihò, ojú tí ó tóbi, imú tí ó tín-ín-rín, ìbàdí tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìdí rẹ̀ gan-an. Ní ọdún 2018, àwọn oníṣègùn awọ ara kan ní Yunifásítì Boston kìlọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn pé àwọn aláìsàn ti ń béèrè pé kí a ṣe àwọn bí àwòrán ara wọn tí ẹ̀rọ ti pa dà. Akua'ba òde òní ni àwòrán bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé e kò mọ̀ pé igi ni.

Ìwé ìtàn kan láti Gánà ti wo ọ̀rọ̀ yìí kí fóònù alágbèéká tó dé. Nínú àkójọ ìtàn kúkúrú tí Ama Ata Aidoo pe àkọlé rẹ̀ ní *No Sweetness Here*, tí ó jáde ní ọdún 1970, ìtàn kan tí ń jẹ́ "Everything Counts" sọ nípa Sissie, ọ̀dọ́bìnrin tí ó kàwé ní òkè òkun. Níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá àwọn obìnrin jà nítorí wíìgì, wọ́n ní àmì ẹrú ni. Sissie kò ka ọ̀rọ̀ wíìgì sí bàbàrà. Ó gbà pé àwọn nǹkan tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó ń yọ ilẹ̀ náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà délé láti wá kọ́ni, orí tí ó bo wíìgì ni ó bá kún inú yàrá ìkàwé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìdíje arẹwà orílẹ̀-èdè wáyé. Ẹni tí ó gba ipò kìíní kò wọ wíìgì ní tirẹ̀, nítorí pé ọmọ ẹ̀yà méjì ni, a sì bí i pẹ̀lú awọ pupa àti irun gígùn.

Ọgbọ́n Aidoo wà nínú bí ó ti parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àbínibí ni àwọn onídàájọ́ ń wá lóòótọ́, ẹni tí kò fi ohunkóhun kún ara rẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbégbá orókè, òun náà ni ó sì gbà á. Síbẹ̀, òǹkàwé mọ̀ pé ìrẹ́jẹ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé àbínibí ti ẹni yẹn nìkan ni ó bá òṣùwọ̀n àwọn ará Yúróòpù mu. Ìtàn náà kọ́ ni pé kí ènìyàn tó gba ọ̀rọ̀ "bí àbínibí" wọlé, ó gbọ́dọ̀ béèrè pé: bí àbínibí ta ni?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti lítíréṣọ̀ nìkan. Ìlànà kan tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yúróòpù fi lélẹ̀ láti ìgbà àtijọ́, tí àwọn oníṣẹ́-abẹ sì jogún rẹ̀, sọ pé fífẹ̀ imú gbọ́dọ̀ bá àlàfo tí ó wà láàárín ojú méjèèjì dọ́gba. Ìwádìí Leslie Farkas àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n wọn ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn, fi hàn pé ìlànà yìí kò bá ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú mu rárá. Imú wọn fẹ̀ ju àlàfo náà lọ, wọ́n sì lẹ́wà. Nígbà náà, dókítà tí ó bá fi ìlànà yìí tún imú ará Accra ṣe lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsí àṣìṣe kan, kí ó sì gbé imú tí kò bá ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n ẹni náà rẹ́ jáde. Iṣẹ́ náà pé ní ojú ìlànà, ó kù díẹ̀ káàtó ní ojú jíjọra. Ẹni tí aláìsàn gbọ́dọ̀ jọ ni ara rẹ̀ àti àwọn tí ó bí i. Bí ọmọ bá ti ọ̀dọ̀ dókítà dé tí ìyá àgbà kò bá rí ojú ìdílé mọ́ lára rẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ tí yóò mú iṣẹ́ náà dà bí àbínibí.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé orí ìrètí. Ìrètí tí ó bọ́gbọ́n mu ni èyí tí ó mọ ohun tí ara lè ṣe. Àpá kì í parẹ́. Ó máa ń rọ̀, ó máa ń ṣá, èyí sì lè gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lára awọ dúdú, àpá mìíràn tún lè máa ga, kí ó máa gbèrú kọjá ojú ọgbẹ́. Àwọn Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́ lára etí tí a lu àti lára ilà, oníṣègùn Nàìjíríà kan, Omo-Dare, sì kọ̀wé ní ọdún 1973 láti fi ipa Yorùbá nínú ìmọ̀ yìí hàn. Imú tí a tún ṣe lè wú fún oṣù púpọ̀ kí ìrísí rẹ̀ tó jókòó. Fífa ọ̀rá kì í ṣe oògùn ìsanrajù. Ìrísí ibì kan ni ó ń tún ṣe, ẹni tí ó bá sì tún sanra, ọ̀rá á gba ibòmíràn wọlé. Ọ̀rá tí a gbé láti ikùn lọ sí ìdí kì í dúró tán, ara á yọ́ apá kan nínú rẹ̀ dànù. Ohun tí a fi sínú ọmú kì í ṣe ohun tí ó ń bá ènìyàn dọ́jọ́ alẹ́ láìtún un ṣe. Dókítà tí kò bá sọ ìwọ̀nyí kí ó tó gba owó kò tíì sọ iṣẹ́ tí òun fẹ́ ṣe.

Ìrètí mìíràn tún wà tí ọ̀bẹ kò lè dé ibi tí ó wà. Maxwell Maltz, oníṣẹ́-abẹ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa àwọn aláìsàn rẹ̀ kan tí ojú wọn yí padà ṣùgbọ́n tí wọn kò rí ìyípadà kankan nínú dígí. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1891, Enrico Morselli ní Ítálì ti fún àìsàn ọkàn kan lórúkọ, èyí tí í mú kí ènìyàn sọ àléébù tí kò sí, tàbí èyí tí ó kéré jọjọ, di òkè ńlá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á ṣe imú tán, á bọ́ sórí àgbọ̀n. Á ṣe àgbọ̀n tán, á padà sórí imú. Ọ̀bẹ kì í sábà wo àìsàn yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ń retí pé ọkọ tí ó ti lọ yóò padà nítorí ìbàdí, tàbí pé iṣẹ́ yóò dé nítorí imú, ń béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́-abẹ ohun tí kò sí nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Dókítà tí ó bá lè kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ní ìfarabalẹ̀.

Ewu náà kò kéré. Stella Ọbásanjọ́, aya Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, kú ní Sípéènì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2005 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìṣaralóge. Ní ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ kan níbẹ̀ dá dókítà tí ó ṣe é lẹ́bi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ikú obìnrin kan tí ó di ipò gíga mú nínú iṣẹ́ ìjọba Gánà, ní ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Accra, sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ. Láàárín ọdún 2017 sí 2018, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-abẹ lágbàáyé kìlọ̀ pé nínú gbígbé ọ̀rá sí ìdí, ikú lè tó ẹyọ kan nínú 3,000, nítorí pé ọ̀rá tí ó bá wọ inú ẹran ìdí lè bá iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí tí ó tóbi jù, tí ojú ń rí láti òkèèrè pé kì í ṣe ti àbínibí, ni ó sábà ń béèrè ọ̀rá púpọ̀ jù. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, òṣùwọ̀n ẹwà àti òṣùwọ̀n ààbò pàdé: àṣejù ni baba àṣetẹ́ nínú méjèèjì. Gánà ní òfin tí ó kan ọ̀rọ̀ náà. Òfin 829 ti ọdún 2011 dá àjọ tí ń fún ilé-ìwòsàn ní ìwé àṣẹ sílẹ̀. Òfin 857 ti ọdún 2013 sì kan àjọ tí ń forúkọ dókítà sílẹ̀. Aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé àṣẹ ti ilé àti ti ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí ìdí fún gbogbo àríyànjiyàn yìí, níwọ̀n bí Yorùbá ti ní ìwà lẹwà. Lójú wọn, ẹni tí ó ní ìwà kò nílò ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pa òwe yìí náà ni ó kọ ilà, tí wọ́n lu etí, tí wọ́n le tìróò, tí wọ́n fi ààyè sí àárín eyín. Wọ́n tún sọ pé ilà a máa dunni nígbà kíkọ, ṣùgbọ́n bó bá jinná tán, a di oge. Òwe tí a fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlẹ́yà ni ìwà lẹwà dà lẹ́nu wọn, èyí kò sì tọ́ sí i. Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá ní ọdún 1975 pé láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe "wà" ni "ìwà" ti jáde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹwà nǹkan wà nínú pé kí ó wà gẹ́gẹ́ bí irú ohun tí ó jẹ́. Òwe náà kò ka àtúnṣe léèwọ̀, ó fún un ní òdiwọ̀n. Obìnrin tí ọmú rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí ó ní kí wọ́n dín in kù, ń wá bí yóò ṣe wà dáadáa. Ẹni tí ó ń bó awọ ara rẹ̀ ń sá fún bí ó ti wà. Ìjọba Gánà rí ìyàtọ̀ yìí nígbà tí àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn fòfin de ìpara tí ó ní hydroquinone ní ọdún 2016, tí ó sì tún kìlọ̀ ní ọdún 2019 fún àwọn aboyún tí ń lo oògùn oníhóró kí ọmọ inú wọn lè pupa. Nínú èyí tí ó kẹ́yìn yìí, ẹni tí wọn kò tíì bí ni wọ́n ti fẹ́ gba àbínibí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó kan àwọn olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Kí ọ̀bẹ tó kan ara, aláìsàn á kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, ìwé náà sì máa ń wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nílùú tí àwọn ènìyàn ti ń fi Gã, Twi, Ewe, Hausa àti Yorùbá ronú nípa ara wọn. Ìpolówó á bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Ewu nìkan ni wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Ẹni tí ó gbọ́ "ẹwà" ní èdè ìyá rẹ̀ tí ó sì gbọ́ "ikú" ní èdè àjèjì kò tíì yọ̀ǹda tán. Ohun tí èdè Yorùbá nílò níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun fún gbogbo orúkọ iṣẹ́ abẹ. Ìbéèrè tí ó mọ́lẹ̀ ni ó nílò, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ ní kíláàsì kí ó sì lò ní ilé-ìwòsàn. Ta ni mo fẹ́ jọ? Kí ni ara mi lè gbà, kí ni kò lè gbà? Àpá yóò wà níbo, yóò sì rí báwo lẹ́yìn ọdún kan? Kí ni ẹ máa ṣe bí ẹ̀jẹ̀ bá dà jù tàbí bí mi ò bá lè mí? Èló ni àtúnṣe bí ti àkọ́kọ́ kò bá dára? Àwọn wo ni ẹ ti kọ iṣẹ́ wọn, nítorí kí ni?

Kò sí èyí tí ó le jù nínú àwọn ìbéèrè yìí fún ẹni tí ó parí ìwé mẹ́fà, kò sì sí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọn yóò bí nínú. Bí àwọn tí ń kọ́ èdè bá mú wọn wọ inú ìwé kíkà, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ya àbínibí sọ́tọ̀ kúrò lára àtúnṣe, obìnrin tí ó wọ yàrá dókítà ní Accra tàbí ní Ìbàdàn yóò ní ohun tí yóò fi dá ìlérí tí ó gbọ́ lẹ́jọ́ kí ó tó bu ọwọ́ lù ú.